Gìtá Béèsì Tó Sọ Mí Di Àbúrò Àbúrò Mi

Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣe ń lù, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, tí o bá fẹ́ kí n mú un wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi níbí, kò wọlé, kò sì kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kú oríire o. Wọ́n ní ẹ ti kéré sí i." Mo ní kéré báwo, ṣé mo rù ni? Ó ní rárá, ọjọ́ orí yín ló kéré sí i. Ó ní ọkọ òun gbé gìtá béèsì bàbá wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń wo ọjọ́ orí gìtá, ọkùnrin náà sì wò ó pé ọdún 1978 ni wọ́n ṣe é, nítorí náà ọdún 1978 ni wọ́n bí mi, nítorí náà ọkọ òun ni ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí náà, nítorí náà! Ọ̀rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Má tíì rẹ́rìn-ín. O ò mọ ohun tó so gìtá pọ̀ mọ́ ọjọ́ ìbí mi, àbí? Jókòó dáadáa.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, béèsì ló ń ta ní òtẹ́ẹ̀lì, gìtá olókùn mẹ́rin yẹn, èyí tí ohùn rẹ̀ ń dún nínú àyà ènìyàn kó tó dún létí. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, kò sì sí ìwé kankan tó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ni pé, "Ọdún tí mo gbé béèsì wọlé ni ìyá rẹ̀ gbé òun náà wọlé." Ó tán. Béèsì ni ìwé ẹ̀rí mi. Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan ilé sílẹ̀, ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ọdún tí òrùlé ṣí, mo wá fọ́tò ẹgbẹ́ olórin òtẹ́ẹ̀lì yẹn jáde. Bàbá mi rèé, béèsì rèé lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì kọ 1975 sẹ́yìn fọ́tò. Mo fàlà sábẹ́ rẹ̀. 1975 ni wọ́n bí mi. Kí ló tún kù?

Àbúrò mi ní tirẹ̀, ìyá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ìlú mìíràn ló sì ti dàgbà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó dé ilé wa, ó fi ọ̀rá wé ìwé ìbí rẹ̀ bí ẹni wé góòlù: oṣù kẹwàá ọdún 1976. Bàbá wa wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Àǹtí mi, ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko! Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo rán ṣòkòtò rẹ̀, mo gba ẹgba rẹ̀ jẹ nígbà kan, ṣé o gbọ́? Ẹgba tirẹ̀!

Nígbà tí bàbá wa sì máa kú, ọdún kọkànlá rèé, ó ní àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kó mú béèsì. Kò sọ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta nínú wa. Mo gbé e sílé mi. Mo ń nù ún, mo ń dẹ okùn rẹ̀ kó má baà fa ọrùn rẹ̀ tẹ̀, mo fi aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì rán àpò fún un. Mo tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde pàápàá, ìyẹn tó wúwo bí òkú ẹṣin. Àbúrò mi wá ń wò ó láti ọdún mọ́kànlá. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń gẹ irun, lókè jígí, kí àwọn oníbàárà máa rí i kí wọ́n máa pariwo. Kí irun àgbọ̀n gbogbo ènìyàn máa fò lọ bà lé béèsì bàbá mi! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Báwo ló ṣe gbé e? Mo mọ̀ pé o máa béèrè. Èmi ni mo gbé e fún un. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, ó wá bí ọmọlúwàbí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, kí wọ́n bá mi yà á ní fọ́tò." Àǹtí mi! Ó pè mí ní Àǹtí láti fi gba ohun tó máa fi sọ mí di ọmọdé. Tí ènìyàn bá ń wá olè, kó má wulẹ̀ wo ojú fèrèsé, kó wo ẹni tó ń kí i dáadáa.

Mo gbéra, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gẹ irun ọkùnrin kan lọ́wọ́, ó ti gẹ ìdajì. Mo ní kí ni mo ń gbọ́ yìí? Kò pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó pe orúkọ mi. Orúkọ mi gangan, lásán, bí ẹní ń pe ajá rẹ̀! Ó ní, "Má bínú, ohun tí ìmọ̀ sọ la gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Mo ti gbé ìnira yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún." Ìnira kí ni? Ó ní ìnira kí ènìyàn máa bọ̀wọ̀ fún àbúrò rẹ̀. Háà! Ẹni tó ń gẹ irun fún yí orí padà láti wò mí, ẹ̀rọ sì họ ọ́ létí, ó sì tọ́ sí i.

Mo ní ó dáa, ta ni ẹni tó wò ó? Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Béèsì ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn, mi ò fi kún un.

Ọ̀rẹ́ mi, o yẹ kí o rí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Yàrá kan ló ní lẹ́yìn ilé ìtajà àwọn ohun èlò orin, gìtá tó ti tú ká kún ilẹ̀, ọrùn níbí, ikùn lọ́hùn-ún, bí ilé alápatà. Ó so awò ojú mọ́ okùn sí ọrùn, ó tún ní awò mìíràn tí ó ń gbé sójú kan ṣoṣo. Béèsì wa ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi ojú mi rí i, ó gbé e sí imú, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Hùn-ún, òróró àtijọ́." Mo ní ṣé ọbẹ̀ ni?

Mo ní ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní nọ́ńbà wà lára irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn gìtá, nọ́ńbà yẹn sì bọ́ sí àárín 1976 sí 1978. Mo ní àárín? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé inú agbọ̀n ni àwọn tó ṣe é máa ń kó irin yẹn sí, èyí tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ọn, kò sí ètò níbẹ̀. Mo ní a jẹ́ pé nọ́ńbà tí kò ní ètò lẹ fi ṣètò ọjọ́ orí mi? Ó ní rárá o, òun tún wo inú. Ó ní ohun kékeré tí wọ́n ń yí láti gbé ohùn sókè, nọ́ńbà wà lẹ́yìn òun náà, ọ̀sẹ̀ àti ọdún ló ń sọ, 1978 ló sì wà níbẹ̀ gedegbe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó rí báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe! Ọkùnrin tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe láti àárọ̀ ló sọ mí di àbúrò láìṣe àní-àní!

Mo ní ẹ gbọ́, aránṣọ ni mí. Tí obìnrin kan bá gbé aṣọ wá, tí mo yọ síìpù tó ti bàjẹ́, tí mo fi síìpù ọdún yìí sí i, ṣé ọdún yìí ni wọ́n rán aṣọ náà? Ṣé tí mo bá lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, àbùlẹ̀ ló bí ṣòkòtò? Mo ní wọ́n pààrọ̀ inú béèsì yẹn, mo mọ̀! Òjò wọ inú rẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jò ní 1980, èmi gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ pe oníṣẹ́ rédíò, mo di lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ mú fún un nígbà tó ń jó o, èéfín wọ̀ mí lójú. Tó bá jẹ́ 1978 ni wọ́n bí mi, ta ló lọ pè é, ṣé ọmọ ọwọ́ ni?

Ṣé o mọ ohun tí àbúrò mi, tó ti tẹ̀ lé mi débẹ̀, fi dáhùn? Ó ní mo lá a lálàá ni. Ó ní òun ní ìwé, èmi ní ìtàn. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó ní, "Àkísà yẹn náà la ń sọ." Kí n sọ òótọ́, ìyẹn dùn mí. Mo dé ilé, mo jókòó ti ìwé mi, mi ò lè kọ nǹkan kan. Ẹni tí kò níyàá tó máa bi léèrè, tí kò ní bàbá mọ́, gìtá ló kù tó lè jẹ́rìí sí i, gìtá náà sì ń sọ ohùn mìíràn. Ṣé o mọ bó ṣe ń rí?

Mi ò tíì tán. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n lójoojúmọ́. Mo ń gbé aṣọ tí mo fẹ́ ká etí rẹ̀ lọ, mo ń jókòó sí àárín àwọn gìtá tó tú ká, mo ń ránṣọ lọ́wọ́. Mo ní kò sí ibi mìíràn lára béèsì tó lè sọ̀rọ̀? Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó jẹ́wọ́. Ó ní ó wà o, tí wọ́n bá tú ọrùn kúrò lára ikùn, àwọn tó ṣe é máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí ìdí ọrùn. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ò tú u? Ó ní síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dípẹtà. Ọ̀rẹ́ mi! Síkúrù dípẹtà, ó ṣòroó tú, ni mo ṣe di ọmọdé! Ọ̀lẹ ló bí mi ní 1978!

Mo ní kó ránṣẹ́ pe àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n wá láàárọ̀ òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tilẹ̀ gbé ìṣó tó fẹ́ fi kọ́ béèsì sára ògiri dání. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi epo sí síkúrù, ó tú u, ó ń làágùn. Ọrùn yọ. Ó gbé awò sójú, ó ní, "Ọdún 1972." Àbúrò mi ní ṣé ó dá a lójú? Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọrùn ni 1972, kí ikùn jẹ́ 1973, nọ́ńbà ń sọ 1976, bọ́tìnnì ohùn ń sọ 1978. Gìtá kan ṣoṣo, ọjọ́ orí mẹ́rin! Mo ní ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀ fún mi, kí n mọ èyí tí mo máa wọ̀ lọ sílé.

Àfi bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ní, "Ẹ dúró, nǹkan wà níbí." Nínú kòtò tí ọrùn ń wọ̀, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ní àwọn tó ń ta béèsì máa ń há irú rẹ̀ síbẹ̀ láti gbé ọrùn sókè, kí okùn má baà máa ha irin. Ó fa á yọ, ó fẹ́ jù ú nù. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Páálí yẹn ti pọ́n, wọ́n ti fi síṣọ́ọ̀sì gé e, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn ni! Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́: Obìnrin. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1973. Ọmọbìnrin mélòó ni bàbá wa bí? Ẹyọ kan. Èmi nìyí.

Mo fi ìyá mi tó bí mi búra, ìwé tí mo ń sunkún pé mi ò ní, bàbá mi ló há a sábẹ́ ọrùn gìtá kí okùn má baà máa ha! Mo ti ń nù ún fún ọdún mọ́kànlá, mò ń nu ìwé ìbí ara mi!

Ó yá, rẹ́rìn-ín báyìí. Rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò tíì sọ èyí tó burú. 1973 o. Kì í ṣe 1975. Bàbá mi kò purọ́, ọdún yẹn náà ló gbé béèsì wọlé. Èmi ni mo rí ọdún lẹ́yìn fọ́tò, mo rò pé ọdún tí wọ́n yà á ni béèsì dé. Ṣé o rí i? Ohun tí mo fi ń bú Ọ̀jọ̀gbọ́n lèmi náà ṣe, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mẹ́ta pẹ̀lú báírò pupa. Gbogbo ibi tí mo kọ "nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá" sí, irọ́ ni. Mo borí àbúrò mi pẹ̀lú ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ, ó pè mí ní Àǹtí lójú gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹ̀fọn, mo gbé béèsì mi lọ sílé, mo sì fi ọdún méjì dàgbà kí n tó dé ọ̀nà.

Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀? Dúró ná. Ìwọ, ọdún wo ni wọ́n bí ọ? Tún un sọ. 1974! O sì ti ń fi ọdún kan yan mí jẹ láti ìgbà tí a ti mọ ara wa, o ń pè mí ní àbúrò mi, o ń rán mi lọ ra òwú ìránṣọ! Mi ò fẹ́ ẹjọ́, mi ò sì fẹ́ kí o fi orúkọ mi pè mí mọ́. Dìde lórí àga yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ náà, kí ó má ṣe sí àríyànjiyàn lọ́jọ́ iwájú: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́.