Fáìlì Kékeré Tí Mo Fi Ba Iṣẹ́ Bọ̀dá Láyí Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò lè sọ orúkọ mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ìyàwó Bọ̀dá Láyí ní ọjà Creek Road. Ohun tó sọ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Agùnbánirọ̀ ni mí ní Rumuolumeni nígbà tí Bọ̀dá Láyí mú mi wọ iléeṣẹ́ wọn ní Port Harcourt. Òun ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, láti orí bí wọ́n ṣe ń tàn án.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ńlá. Bọ̀dá yan ọ̀kan, èmi yan òmíràn. Ọ̀gá ní ẹni tí tiẹ̀ bá yá jù ni yóò di olórí ẹ̀ka wa. A fẹ́ wọ̀n bí wọ́n ṣe ń yára kọ fáìlì sórí díìsìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, tí wọ́n sì ń kà á padà.

Bọ̀dá ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni kó o wọ̀n ọ́n. I trust you."

Sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ ni mo lò, èyí tí àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò parọ́. Èmi ni mo parọ́. Fáìlì kékeré ni mo fún kọ̀ǹpútà tèmi. Mẹ́mọ́rì, tó yára ju díìsìkì lọ fíìfíì àmọ́ tí kì í gba fáìlì ńlá, gbé e mì, kò tilẹ̀ dé orí díìsìkì. Fáìlì ràgàjì ni mo fún ti Bọ̀dá, ó sì ń wọ́ bí ìgbín. Mo wá kọ ọ́ síwèé pé fáìlì kan náà ni.

Bọ̀dá tẹjú mọ́ ìwé náà títí. "Àbí I don forget this work?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo rí nìyẹn."

Mo di olórí. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà tí mo yàn fi ń falẹ̀, torí fáìlì wa tóbi. Ọ̀gá bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Mo ní Bọ̀dá ni kò tò ó dáadáa. Wọ́n lé e.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lọ́jà pé ilé ni Bọ̀dá jókòó sí ní Mgbuoba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè é síṣẹ́ tó kọ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. "Bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan ló ṣì ń yìn."

Mo ní màá wá. Mi ò tíì lọ. Mo mọ ohun tó tọ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi máa bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ṣílẹ̀kùn fún mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?