Ìkòkò Mi Tó Ń Bẹ́ Nínú Iná

Rárá o, Ìyá àgbà, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó, àpò mi ti wà lórí alùpùpù Moctar, onízém yẹn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ Kótónù ò sì ní dúró dè mí ní Tchaourou, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò ní Kika yìí, màá sọ ohun tó wà nínú mi, torí bí mo bá gbé e lọ, yóò pa mí sọ́nà. Àbí ẹ rò pé mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ọ lánàá! Gbogbo agboolé ló gbọ́! Pàù! Pàù! Ìkòkò mi ń bẹ́ nínú iná bí ìbọn ọdẹ, ẹ̀yin wà nínú yàrá yín, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ ò yọjú!

Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ, ẹ má wò mí, màá sọ ọ́ náà ni.

Kì í ṣe bíbẹ́ yẹn gan-an ló dùn mí. Amọ̀ ni, amọ̀ lè bẹ́. Àwọn ọmọ Bilkis ni! Wọ́n ti mọ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sun ìkòkò, wọ́n á ti kóra jọ sábẹ́ igi kajú bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, ọ̀kan bá bẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, òmíràn bá bẹ́, wọ́n á fò sókè, ìyá wọn á wà nídìí ààrò, á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ará Kótónù, ṣé ike ti tán lọ́jà yín ni, tí o fi ń fìyà jẹ ara ẹ?" Ará Kótónù! Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi! Inú agboolé kan náà ni wọ́n bí wa sí, kò rí orúkọ míì pè mí. Ṣé mi ò lórúkọ ni? Ṣé kì í ṣe ojúde yìí ni wọ́n ti sọ mí ní Raliatou?

Àti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ni mo ti dé, òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ sọ fún mi, ta ló bá mi jókòó? Mò ń jẹun lémi nìkan. Mò ń wa amọ̀ létí odò lémi nìkan, mò ń rù ú wálé lémi nìkan. Àwọn obìnrin á máa sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga, mo bá yọ, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá kí mi, kíkí ọ̀wọ̀, kíkí àlejò, bí ẹni ń kí nọ́ọ̀sì tó wá fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́. Nígbà míì mo máa ń bá amọ̀ sọ̀rọ̀, Ìyá àgbà, wàláhì, mo máa ń bá amọ̀ sọ̀rọ̀, torí òun nìkan ni kì í bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà.

Mi ò sunkún. Èéfín àná ló ṣì wà lójú mi.

Ta ló rán mi lọ ná? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, ta ló di ẹrù mi, tó fà mí lé àǹtí mi ará Kótónù, Tata Rahimatou, lọ́wọ́ ní ibùdó reluwé Tchaourou, nígbà tí reluwé ṣì ń kó èèyàn? Ẹ̀yin ni! Ẹ ní kí n lọ kàwé, kí ọwọ́ mi má baà bá amọ̀ jẹ́ bíi ti yín. Ó dáa. Mo lọ. Mo kàwé díẹ̀, mo fọ abọ́ púpọ̀. Nígbà tí mo mọ Faransé kà, tata ní ó tó, ilé ìwé ti parí, abọ́ ò parí. Ẹ ò wá wò mí. Mo ń wo ojú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè Tchaourou sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ wà níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo gbàgbé ojú yín. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mò ń sọ, kò sí fótò yín lọ́wọ́ mi, ojú yín ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ọwọ́ yín nìkan ni ò parẹ́. Ọwọ́ tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha mí lẹ́yìn, tí ọmọńdinrín òsì rẹ̀ tẹ̀ wọnú nítorí ọmọ odó tó já lù ú.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìwé nípa bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń mọ ìkòkò. Mo rà á, mo sì fi kọ́ iṣẹ́, nínú yàrá kan ṣoṣo, títí onílé fi ní òun ò yá ẹlẹ́dẹ̀ nílé. Màá ka ìlà kan, màá ṣe é, màá nu ọwọ́, màá ka òmíràn, ojú ìwé ti di amọ̀ tán. Ẹ mọ ohun tó le jù nínú fífi ìwé kọ́ṣẹ́? Ìwé kì í dáhùn! Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò ní yìn mí. Bí mo bá bà á jẹ́, kò ní bú mi. Ó wù mí kí ẹnì kan gbá mi lọ́wọ́, Ìyá àgbà, kó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀, olórí kunkun!" Kò sí ẹni tó gbá mi lọ́wọ́ rí.

Mo bá ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní, amọ̀kòkò wà nílé mi, kí ni mò ń bá onílé jà sí? Ọjọ́ tí mo dé, mi ò tíì mu omi, mo gbé ìwé náà síwájú yín. Kí lẹ ṣe? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í! Mi ò tíì ṣí i! Ẹ ní, "Gbé ìwé rẹ, lọ mọ ìkòkò rẹ." Mo gbé e. Mo sì lọ mọ ọ́n. Ó bẹ́. Mo sá a pẹ́ lóòrùn, ó bẹ́. Mo dín igi kù, mo fi koríko kún un, ó bẹ́. Ẹ̀yin, ẹ wà níbí, ẹ mọ ohun tó ń mú un bẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹ wojú mi, kí ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n!

Hẹ́n? Ẹ tún un sọ.

Ọmọṣẹ́ ọlọ́mọṣẹ́? Pé a kì í tọwọ́ bọ iṣẹ́ ọmọṣẹ́ ọlọ́mọṣẹ́, pé ìjà ló ń dá sílẹ̀ láàárín amọ̀kòkò? Pé mo ti lọ́gàá? Ọ̀gá wo? Èmi ni mo gbé ọ̀gá mi sábẹ́ abíyá wá láti Kótónù, mo wá ń fi í hàn yín? Ìwé! Donc, àṣé ìwé lẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún látìgbà ọyẹ́! Ẹ jókòó, ìkòkò ọmọ yín ń bẹ́, ọkàn yín ń dá yín lóró, ẹ ní kò sí tiyín níbẹ̀, torí ẹ ò fẹ́ kí ìwé bínú!

Moctar! Moctar, mú àpò yẹn wá! Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, mú un wá!

Ẹ gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ẹ mú ọwọ́ yín wá. Ẹ bọ́ síbi tí oòrùn wà, mo mọ̀ pé ojú yín ti di bàìbàì, èyí ò ní ṣòro rí. Fótò inú ìwé náà rèé. Wọ́n gé ojú obìnrin náà kúrò, ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Amọ̀kòkò kan, agbègbè Tchaourou." Amọ̀kòkò kan! Orúkọ òyìnbó tó kọ ọ́ wà lẹ́yìn ìwé gàdàgbà, tiyín, amọ̀kòkò kan. Ẹ wo ọmọńdinrín yìí. Ẹ gbé tiyín lé e. Ẹ gbé e lé e dáadáa. Ta ni ọ̀gá mi, Ìyá àgbà? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ni ọ̀gá mi?

Ó bá a mu rẹ́gí!

Ó dáa, ẹ rọra. Ẹ nu ojú. Èéfín yín náà nìyẹn.

Ẹ̀n-hẹ́n, ẹ rántí òyìnbó tó kọ ìwé náà, Madamu onífìlà, tó wọ̀ sílé Tonton Àlúkò ní Kika níbí, tó ń ya yín ní fótò títí ọrùn fi ń ro yín. Mi ò tíì dáyé nígbà yẹn. Kí lẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́... Pé kí ni? Pé ẹ ò sọ gbogbo rẹ̀ fún un?

Yéè! Ìyá àgbà!

Ẹ fi ọ̀kan pamọ́! Ẹ júwe wíwa amọ̀, ẹ júwe mímọ, ẹ júwe iná, ẹ wá fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, torí àlejò lójú, kì í fi ríran! Àlejò yẹn ti lọ! Kò jọ pé ó sun ìkòkò kan láyé rẹ̀, ó tẹ ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sílùú rẹ̀. Èmi ni mo dáná! Èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún! Tàkúté tí ẹ dẹ sílẹ̀ de àjèjì, ẹsẹ̀ ọmọ tiyín ló há sí i, ẹ wá ń gbọ́ igbe rẹ̀ látinú yàrá! Ṣé inú yín dùn báyìí? Ẹ má ní ẹ ò mọ̀ pé èmi ni màá kà á. Ta lẹ rò pé yóò kà á? Ta ló tún ń wá yín kiri ayé, bí kì í bá ṣe èmi?

Kí lẹ fi pamọ́? Mi ò kúrò níbí. Ẹ sọ ọ́.

Kí lẹ̀ ń bi mí? Àpáàdì? Àpáàdì àwọn tó bẹ́? Wọ́n wà lẹ́yìn ilé. Gbogbo rẹ̀. Mo kó o jọ sẹ́bàá ògiri, mo fi màrìwò bò ó kí ẹni tó ń kọjá má baà rí ìtìjú mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó àyà mi. Kí lẹ fẹ́ fi... Kí n gún un? Kí n gún un kúnná, kí n sẹ́ ẹ, kí n pò ó mọ́ amọ̀ tuntun? Pé amọ̀ nìkan ò lè dúró nínú iná, àfi kí èyí tó ti wọná rí wà nínú rẹ̀?

Ha!

Ha-ha! Ẹ dì mí mú. Òun ni mo fi màrìwò bò! Òun ni mo ń fi aṣọ nu ojú nítorí rẹ̀! Mo ti kó o jọ tán, Ìyá àgbà, kò sí amọ̀kòkò tó ní tó tèmi láti ibí dé ìlú Sanson!

Ẹ má dìde. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ, torí ó jọ pé ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ tí mo dé nìyẹn. Mo ti kúnlẹ̀. Ìyá àgbà, mi ò lọ́gàá. Mo wá kọ́ṣẹ́. Ẹ gbà mí. Bí mo bá ṣe é tì, ẹ gbá mi lọ́wọ́, ẹ bú mi, ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀.

Kí lẹ wí? Ilẹ̀ gbígbá ni ọmọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀? Pẹ̀lú ewú tó wà lórí mi yìí? Mo gbọ́, mo gbọ́, màá gbá a.

Moctar, sọ àpò yẹn kalẹ̀, mi ò lọ mọ́. Bá mi yí odó ńlá yẹn dé ẹ̀yìn ilé. Bilkis! Bilkis o! Ará Kótónù ló ń pè ẹ́! Kó àwọn ọmọ ẹ jáde, kí wọ́n wá gún ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún!