Bàtà Mi Tó Kọjú Síta

"Ìyàwó, ibo lò ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan, Màámi. Ọbẹ̀ ni mò ń rò lọ́wọ́."

"Ta ló wá ni bàtà tó kọjú síta lẹ́nu ọ̀nà yìí?"

"Èmi ni mo ni ín, mà."

"Ó kọjú síta lánàá. Ó kọjú síta níjẹta. Bàtà ọmọ mi ń wo inú ulé, tìrẹ nìkan ló ń wo títì."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀ ni, Màámi. Ó ti mọ́ mi lára."

"Níbẹ̀, níbẹ̀! Ìyàwó, ìgbà wo lo fẹ́ ti ibẹ̀ dé gan-an?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ǹ bá fi dá ìyá ọkọ mi lóhùn? Mo ń ro ọbẹ̀ mi lọ. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Òmù. Ó ní òun kò lè jókòó máa ṣọ́ obìnrin tó ti ń múra àtilọ. Ọkọ mi kò bá mi jà. Ìbá tiẹ̀ jà ni! Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra ní gáréèjì. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní ibì kankan tí mò ń lọ.

Kí n tó ṣe ìgbéyàwó ni mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, tí mo lọ kọ́ nípa ọ̀gbìn ìrẹsì ní orílẹ̀-èdè Japan. Ìlú kékeré kan níhà àríwá ni wọ́n fi mí sí, níbi tí yìnyín ti ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú tí ẹnìkan ń gbọ̀n dànù lókè. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ sóko. Bí omi bá kún oko ìrẹsì náà, ojú ọ̀run a sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, èmi a sì máa gun kẹ̀kẹ́ mi lọ láàárín ọ̀run méjì. Bó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orin kan a máa dún láti inú sípíkà tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó, kí àwọn ọmọdé lè mọ̀ pé ilé yá. Orin náà a rọra máa fà bí èéfín. Èmi àgbàlagbà náà a yí kẹ̀kẹ́ mi padà, mà á máa lọ sílé bí ọmọdé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo dé, mo rí iṣẹ́ ní Ìkọ̀lé, mo fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta páànù, mo bímọ fún un. Kí ni mo tún ń wá? Ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, bí kùrukùru bá bo àdúgbò láàárọ̀, tí mi ò rí ilé iwájú wa mọ́, ńṣe ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi á máa wá kẹ̀kẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún?

Lọ́jọ́ kan, nílé epo, mo rí bàbá arúgbó kan tó fọwọ́ méjèèjì gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ta epo, tó sì tẹrí ba fún un. Bàbá àgbà, kó tẹrí ba fún ọmọdé, ní Èkìtì! Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo sún mọ́ ọn, mo fi èdè Japan kí i. Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìlúpéjú ni. Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló lọ kọ́ nípa afárá lọ́hùn-ún.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alhaja kan tó jẹ́ olùkọ́ nílùú Ọ̀yẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, dókítà ẹran kan sì ń ti Ìdó wá. Àwọn náà ti kàwé níbẹ̀ rí. Lóṣooṣù, a máa ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá. A ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a ó yí imú rẹ̀ síta, kó lè rọrùn fún wa láti wọ̀ nígbà tá a bá ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá títí tíì aláwọ̀ ewé inú ìkòkò á fi tán. Alhaja a máa fọwọ́ di ìrẹsì bí òkèlè. Nígbà tí kò rí ewé inú òkun tí wọ́n fi ń wé e, ẹ̀fọ́ tó bọ̀ ló fi ń wé e. Bàbá a ní, "Alhaja, òkun tìẹ yìí, ẹ̀yìnkùlé lo ti já a." Bó bá di aago márùn-ún, Bàbá a máa kùn orin ìrọ̀lẹ́ ìlú tó gbé. Kì í ṣe orin ìlú tèmi, síbẹ̀ gbogbo wa á gbé ife kalẹ̀ máa gbọ́ ọ. Níbẹ̀, èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, èmi kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin orí kẹ̀kẹ́ ni mí.

Ọkọ mi bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n mú òun dání. Mo ní, "Èdè wọn ò ní yé yín." Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn kí ọmọ má baà jí.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ, ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ padà lọ ni. Mo ní rárá o. Mo yí bàtà mi sínú ilé níṣojú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó tún ti kọjú síta. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ọkàn mi kò mọ̀. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé wa pé, tó jẹ́ àná, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní òun ni yóò gbé mi lọ.

Ó jókòó ti ògiri pálọ̀ Bàbá láìwọ bàtà, ó gbé ife tíì tó korò lọ́wọ́, kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí à ń sọ. Bàbá ń sọ ìtàn ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò lọ́hùn-ún, tó gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wọ inú adágún omi gbígbóná tí gbogbo wọn jọ ń jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọṣẹ wẹ̀ tán níta, tí àwọn bàbá arúgbó ìlú sì fò jáde nínú omi níhòòhò, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣubú lu èjìká Alhaja, omijé ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọkọ mi ń wò mí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó rí arẹwà kan lójú ọ̀nà, tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tá a ti fẹ́ra, ǹjẹ́ mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí lójú rẹ̀? Mo wá a nínú ọkàn mi, mi ò rí i.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí ilé mi lè tòrò? Bí mo bá fi í sílẹ̀, ṣé gbogbo mi ni yóò kù fún ọkọ mi ni, àbí ìdajì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà, ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó fẹ́ràn yín pé kò ní yé e.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi gbé báàgì sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òun ń lọ bá ìyá òun ní Òmù. Kò sọ ọjọ́ tí yóò dé. Mo tẹ̀ lé e jáde.

"Bàbá Tolú, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

"Rárá."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ kó tó tún dúró, tó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ìyá Tolú, bó o bá padà dé Ìlúpéjú, bá mi kí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lánàá yẹn. Sọ fún un pé kó yà sílé wa lọ́jọ́ kan."