Iná Pupa Tó Bà Lé Sùtánà Màmá Dọ́káàsì

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ayé ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni n kò ti lè sùn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Ọ̀rẹ̀. Ìlú le nígbà náà, kò sí bẹntiróòlù, iná ìjọba sì di ohun àlejò. Bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Benin bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì bá èrò kan tún rédíò rẹ̀ ṣe. Lésà ló fi dá mi lọ́lá, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Háà, iná yẹn! Ó máa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, á sọdá títì márosẹ̀, á sì dúró lára ògiri ilé oúnjẹ ní òdìkejì, pupa roro, kò ní fẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo lè fi wíwò ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Nígbà tó yá, mo tú u. Mo yọ ohun tí a fi ń yí ohùn sókè sílẹ̀ lára rédíò kan tó ti kú, mo so ó mọ́ ọn, kí n lè máa bu iná náà kù, kí n sì máa fi kún un. Ó ṣiṣẹ́! Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà! Àléébù kan ṣoṣo ni pé mo so ó sódì. Tí mo bá yí i bí ẹni fẹ́ rẹ ohùn rédíò sílẹ̀, ńṣe ni iná á ga. Mo ní ó máa mọ́ mi lára.

Ilé àdúrà wa wà ní Òdìgbó. Aládùúrà ni wá, aṣọ funfun la ń wọ̀, ohun pupa kì í wọlé wa. Màmá Dọ́káàsì ló ń tan àbẹ́là ojú pẹpẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, òjò ṣú, inú ilé ṣókùnkùn. Ó kàn wù mí láti mọ̀ bóyá iná mi á dé ara àgbélébùú iwájú. Mo fi ìwé orin bo lésà náà, mo bù ú kù, àbí kí n sọ pé mo rò pé mo bù ú kù. Ọwọ́ mi ṣe bó ṣe ń ṣe sí rédíò. Iná là yòò, lésà náà yẹ̀ lọ́wọ́ mi, iná sì bà lé apá sùtánà Màmá bó ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Gbogbo ìjọ pariwo. Mo pa á kíá.

Bàbá olórí ìjọ ní ọ̀run ti tú ẹ̀ṣẹ̀ síta, pé kí Màmá jẹ́wọ́. Màmá kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti wá inú mi, n kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí Olúwa bá rí i, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gba àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ará ìjókòó ẹ̀yìn. Kò bínú kúrò. Òun ló ṣì ń kọ́kọ́ dé láti gbálẹ̀. Obìnrin yìí ga lójú mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, síbẹ̀ mo panu mọ́. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á lé mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé wọ́n á fọ́ lésà mi ló tóbi jù.

Bàbá olórí ti kú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, Màmá ránṣẹ́ pè mí pé rédíò òun kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, o rántí iná yẹn? Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èmi mọ̀ pé Olúwa ló fọwọ́ kàn mí. Òun ni mo dì mú nígbà tí ọkọ mi kú. N kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Bá mi gbà á ládùúrà kí n tún rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ojú yìí tó lọ."

Mo ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá ṣe?

Tí mo bá jẹ́wọ́, ìjọ á mọ̀ pé kò ṣẹ̀, wọ́n á dá àbẹ́là rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n kí ló máa wá dì mú? Mo ti ki bátìrì tuntun sínú lésà náà. Ó ṣì ń tàn, ó sì ṣì ń yí sódì.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni màá dá rédíò rẹ̀ padà. Ẹ dákun, kí ni kí n mú lọ bá a, òótọ́ ni tàbí iná náà?