Ipasẹ̀ Tó Wà Lórí Tapí Bàbá Ràmọ́nù

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Mo mọ̀ pé nínú ilé yìí, ohùn mi kì í kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti gbọ́". Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ibùjókòó mi, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà láti kékeré. Ibẹ̀ náà ni mo wà lẹ́ẹ̀kan yìí, nígbà tí ẹ̀yin àlejò tó wá tọrọ Asma sọ pé, "Ọmọ yín dára, a ò purọ́. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe obìnrin tí ọkùnrin rìn lórí tapí wọlé tọ̀ nìyẹn? A ò lè mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ agbolé wa." Asma gbé àwo omi dání, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá tún dákẹ́ lónìí, a jẹ́ pé mo ti ba ayé ẹnì kẹta jẹ́ nìyẹn. Kò sí ọkùnrin kankan tó rìn lórí tapí, ẹní onírun yẹn, lọ́jọ́ náà. Èmi ni. Èmi Safiath.

Ẹ̀yin àlejò lè má mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ràmọ́nù tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Tàǹtí Solange ni ìyàwó rẹ̀, òun ló bí Asma. Lọ́dún kan tí Asma ṣì kéré, nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Bàbá ní kí Rodolphe wá fọ tapí pupa tó wà nínú yàrá àlejò, èyí tí irun rẹ̀ ga débi pé ó ń bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ Adakplamè ni Rodolphe, òun ló ń fọ tapí mọ́sálásí àti ti ilé àwọn oníṣòwò káàkiri Kétu. Aláwàdà ni. Ó ní, "Safiath, irun tapí kò yàtọ̀ sí irun orí rẹ. Bí o bá ṣe yà á nígbà tó tutù, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe gbẹ." Ó fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga kí wọ́n má bàa jẹ irun náà wọlé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ gbogbo irun sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde bó ti ń tẹ́ ẹ. Ó ní, "Bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba ni." Ó tẹríba fún ewúrẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ́ mi pé bí àpá bá ti gbẹ mọ́ ọn, kí n ki aṣọ bọ omi gbígbóná, kí n fún un, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àpá náà títí irun yóò fi wú, kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e dìde, kí n tó tẹ́ ẹ padà. Ó ní, "Àmọ́ má tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ o. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, tapí yóò fẹjọ́ rẹ sùn." Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá kànga, ibẹ̀ ló ti ń dúró de owó iṣẹ́ rẹ̀.

Tàǹtí Solange wà nínú yàrá tirẹ̀, ó ń bá ìyá mi tó wà ní Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Mo gbọ́ orúkọ mi. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ń wá ọkọ fún mi, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́. Orí tapí nìkan lèèyàn lè gbà dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbà á. Mo gbọ́ orúkọ Séidou, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, ipasẹ̀ mi tò kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí ó má bàa di púpọ̀, mo ń tẹ ojú ibi tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí mo ti ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n òmùgọ̀. Gìgísẹ̀ bọ́ sórí ọmọ ìka, ọmọ ìka bọ́ sórí gìgísẹ̀, ipasẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn, ó fẹ̀, ó sì dà bíi bàtà géńdé ọkùnrin.

Ó ti gbẹ bẹ́ẹ̀ kí Bàbá tó ti ọjà dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí. Ó ní, "Solange, ta ló wá bá ọ?"

"Kò sẹ́ni tó wá. Ìyá Safiath ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù."

"Àṣé tẹlifóònù ti ń rìn. Bàtà ńlá ló sì ń wọ̀."

Bùọ̀dá Aliou, àbúrò rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì bí Bàbá nínú jù. Wọ́n pe Rodolphe láti ẹ̀yìnkùlé, torí òun ni àjèjì ọkùnrin tó wà nílé. Kó tó kí wọn tán, Bàbá ti já búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi igi rẹ̀ là á lẹ́nu. Eyín já sórí sìmẹ́ǹtì. Ó nà án títí igi náà fi ṣẹ́. Orí eékún ni Rodolphe fi wọlé wá wo tapí. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹnì kan ló lọ, tó tún gba orí ipa kan náà padà. Ẹsẹ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ará ilé fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n." Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀. Kò dárúkọ mi.

Bàbá ní, "Ó dáa. A ó kírun Àsárì. Bí a bá dé, gbogbo yín ni yóò wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí ẹni tó bá mu, ọmọ odó ni n ó fi bá ọ sọ̀rọ̀." Wọ́n dè é mọ́ ìdí máńgòrò, wọ́n ní kí Bùọ̀dá Aliou máa ṣọ́ ọ.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí ni mo ti di ìkà. Mo gbé omi kaná. Mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ipasẹ̀ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, irun wú, mo gbé e dìde, mo tẹ́ ẹ padà. Mo ṣe é dáadáa, bó ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Láti ojú fèrèsé mo gbọ́ tí Rodolphe ń tọrọ omi mu. Bùọ̀dá Aliou dá a lóhùn pé, "Lọ fún èyí tó wà nínú tapí mu." Mo ń gbọ́, mo sì ń tẹ́ irun lọ. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba.

Nígbà tí Bàbá dé, tapí mọ́ láìsí àpá kan. Ó ní, "Solange, o ti nù ún fún un." Ó fi irun orí wọ́ ọ jáde láti inú yàrá. Ó bọ́ bàtà, ó ń fi gìgísẹ̀ bàtà náà gbá a létí, ó ń gbá a, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti inú etí yẹn jáde. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́ títí dòní. Asma di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ta á nù, orí ọmọ náà lu ògiri. Ó wá gbé ọmọ odó, ó jáde sí ìdí máńgòrò. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lé Rodolphe léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Rodolphe kígbe pé, "Safiath, sọ fún wọn." Bàbá yíjú sí mi, ọmọ odó ṣì wà lókè. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Ó dúró dè mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dúró. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan, Bàbá."

Orí ló wá sọ ọ́ lé.

Orí alùpùpù ni Rodolphe kú sí, wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù. Wọ́n sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé olè ni, pé àwọn ará àdúgbò ló mú un. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ìyẹn náà. Wọ́n lé Tàǹtí Solange lọ sí Idigny pẹ̀lú àpò kan, oko ẹ̀gẹ́ ló ń ro níbẹ̀. Séidou tí mo torí rẹ̀ rìn, ẹlòmíràn ló fẹ́ lọ́dún yẹn.

Bàbá Ràmọ́nù, ẹ jókòó. Mi ò ní sá. Bí ẹ bá máa nà mí, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná. Ẹ rántí pé mo ní kí àwọn àlejò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí, pé mo fọ tapí láàárọ̀, kò tíì gbẹ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ìyá Asma, mo bọ́ bàtà, mo rìn lórí rẹ̀ lọ, mo sì gba orí ipa kan náà padà. Ẹ lọ yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin lẹ ó rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi yìí. Bí ẹ bá wò ó tán, n ó lọ bá Ìyá Léontine, ìyá Rodolphe, ní Adakplamè. Wọ́n ń pè é ní ìyá olè. N ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, n ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Tàǹtí Solange, níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ forí jì mí. Asma, má tíì forí jì mí lónìí, gbé àwo yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin tí wọ́n ń yìn pé ẹ kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí Rodolphe kú, wọ́n yin èmi náà bẹ́ẹ̀.

Bùọ̀dá Aliou, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tapí náà gbẹ bó ṣe wà.