Iyanrìn Inú Gaàrí Màmá Tómilọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Màmá Tómilọ́lá, ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ jẹ mí tán nínú. Òní ni yóò jáde.

Màmá, ẹ mọ̀ pé arọ ni mí. Ẹ sì mọ̀ pé orí ìjókòó la ti ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ la fi ń bó o. Èmi àti Táyé mi jọ ń bó òkìtì kan náà, ẹ̀ ń fún un lówó pípé, ẹ̀ ń fún èmi ní ìdajì. Mo béèrè, ẹ rẹ́rìn-ín: “Kẹ́yìndé, àánú ni mo fi gbà ọ́ ṣiṣẹ́.” Ní Igbó-Ọrà, níbi tí a kì í ti í fún Táyé ká má fún Kẹ́yìndé! Mo búra pé ẹ ó jìyà àánú yẹn.

Lọ́jọ́ tí gaàrí ń lọ Ìbàdàn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ jẹun, mo fi ọ̀pá mi rìn dé ìdí àpò tí a kò tíì rán lẹ́nu. Mo bu iyanrìn sí i, mo rò ó pọ̀. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà dá àpò padà, tí wọ́n ń bú yín bí olè, mò ń kọrin sínú.

Ta ni ẹ di ẹ̀bi náà rù? Babáfẹ́mi afọ́jú tó ń sẹ́ gaàrí, tí òun náà ń gba ìdajì. Ẹ pariwo orúkọ rẹ̀ láàárín ìlú, ẹ ní: “Ojú ẹ ò ríran, báwo lo ṣe fẹ́ mọ iyanrìn? Máa lọ ilé!” Mo dákẹ́, èmi ẹlẹ́nu bí abẹ. Bó ṣe ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó ní: “N ò bá wọn lọ jẹun lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ̀pá ẹ nídìí àpò. Jókòó jẹ́ẹ́, o lọ́mọ láti bọ́.” Ó gba ọ̀nà Ìdèrè lọ.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ àwọn abirùn ti wá dúró lé yín lórí, ìdajì ti dópin. Mò ń gba owó pípé, ṣùgbọ́n gbogbo oúnjẹ tí mo bá fi rà, iyanrìn ni lẹ́nu mi.

Màmá, n kò bẹ̀ yín o. Ó tọ́ sí yín. Babáfẹ́mi ni mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Màmá, ẹ ránṣẹ́ pe Babáfẹ́mi, kó wá gba owó pípé tirẹ̀. Ẹ sì pariwo orúkọ mi láàárín ìlú, bí ẹ ṣe pariwo tirẹ̀.