Iyọ̀ tí mo dín nínú ọbẹ̀ ìyá ọkọ mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, nítorí ẹlòmíràn ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń wú. Nọ́ọ̀sì ní kí a dín iyọ̀ àti mágí oúnjẹ wọn kù. Màmá fi í rẹ́rìn-ín: "Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí màá máa jẹ ewé lásán?"

Mo wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ata àti àlùbọ́sà kún un. Mo gbé ìgò iyọ̀ pamọ́. Tí Màmá bá ní iyọ̀ kò tó, màá ní, "Mo fi sí i dáadáa, Màmá." Irọ́ ni. Ní kíṣìnì ni mo ti ń bu iyọ̀ sí ti ọkọ mi, òun á sì jẹ tirẹ̀, á ní ọbẹ̀ dùn.

Ẹ̀jẹ̀ Màmá wálẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò wú mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ahọ́n wọn ti kú.

Ẹja yíyan tí àbúrò wọn ń fi ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn. "Ó ti fi nǹkan sínú ẹja!" Mo gbọ́, mo ń fọ abọ́ mi lọ. Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á padà sídìí iyọ̀.

Àbúrò wọn náà, tí à ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, wá bẹ ẹ̀gbọ́n wọn. Màmá ní a ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn níta: "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí ẹ pọ̀n dàgbà?" Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, a sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ. Màmá ló dàgbà jù níbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní iyọ̀ tọ́ wò. Ni wọ́n bá kígbe: "Iyọ̀ rèé! Ahọ́n mi ti jí!" Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé àṣírí ti tú. Màmá ní, "Ẹ ò rí i? Mo jáwọ́ nínú ẹja rẹ̀, ahọ́n mi là!"

A padà délé, ọbẹ̀ mi kò tún dùn lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àbúrò wọn ti tún bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń fi oògùn ránṣẹ́ sí ahọ́n wọn báyìí.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣì máa ń pè mí lórí fóònù. Wọn kì í bá mi jà. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí kò ju, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń kà á, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, Màmá ò ní jẹ oúnjẹ mi mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì tún ru. Tí mi ò bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì lè kú láìfojú kan ara wọn. Ọbẹ̀ alẹ́ wà lórí iná. Mi ò tíì fi iyọ̀ sí i.